Dígí Pupa Tí Wọ́n Ní Bàbá Mi Jí

Wọ́n pe bàbá mi ní olè lójú mi, ní ọ̀sán gangan, ní Ṣàngó, níwájú èrò ọkọ̀ tí kò mọ̀ ọ́n rí. Mo ti di ìyá àgbà báyìí. Àwọn ọmọ mi máa ń ní kí n gbàgbé ẹ̀, pé ọ̀rọ̀ ayé òyìnbó ni, pé gbogbo àwọn tó ṣe é ti kú tán. Wọ́n kú, àbí? Ẹ bá mi kí wọn. Mi ò gbàgbé o. Inú ṣì ń bí mi, bí mo bá sì ń sọ ọ́ lọ́wọ́, kí ẹnikẹ́ni má ní kí n rọra.

Iṣẹ́ dígí aláwọ̀ ni bàbá mi ń ṣe. Ọmọ Ọ̀tà ni, ilé Mùsùlùmí ni wọ́n bí i sí. Àwọn ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ń ṣe oko, òun ló gba Èkó lọ nígbà ọ̀dọ́, tó lọ kọ́ṣẹ́ lọ́dọ̀ bàbá Àgùdà kan tó ń fi dígí aláràbarà ṣe fèrèsé sí ilé pẹ̀tẹ́ẹ̀sì àwọn olówó. Ó pẹ́ gan-an lọ́dọ̀ ọ̀gá yẹn. Nígbà tó padà wálé, kò sí ẹni tó fẹ́ irú fèrèsé bẹ́ẹ̀ lọ́dọ̀ wa, ló bá ń ṣe nǹkan kéékèèké tí èèyàn lè fi ṣe ẹ̀bùn: àpótí tí ìyàwó ń kó yẹtí sí, dígí ìwojú tó ní àwọ̀ oríṣiríṣi létí, fìtílà tí wọ́n ń gbé àbẹ́là sínú ẹ̀, àti àwọn ègé wẹ́wẹ́ tí obìnrin ń so mọ́ ẹ̀gbà ọrùn. Ẹni tó ṣègbéyàwó, ẹni tó bímọ, ẹni tó ti Mẹ́kà dé, ọ̀dọ̀ wa ni àwọn èèyàn wọn ti ń ra nǹkan tí wọ́n máa fún wọn.

Èmi ni àkọ́bí, obìnrin sì ni mí. Kò sí ẹni tó ní kí n wá kọ́ṣẹ́, mo kàn ń jókòó tì í ni, títí ọwọ́ mi fi mọ̀ ọ́n. Bàbá ní kálámù kan tí ẹnu ẹ̀ jẹ́ òkúta dáyámọ́ǹdì bíńtín, òun la fi ń fa ìlà sójú dígí. Tó o bá ti fà á tán, wàá fi òòlù kékeré gbá a lábẹ́, á sì là ní ibi tó o fẹ́ kó là. Àwa á wá fi ọ̀já òjé tẹ́ẹ́rẹ́ há a létí, a ó fi irin gbígbóná yọ́ òjé náà pọ̀ ní oríkèé-oríkèé. Òjé yẹn máa ń bo etí dígí pátá, ẹ ò lè rí i mọ́ àfi tẹ́ ẹ bá fọ́ ọ.

Inú ìgò la ti ń rí àwọ̀. Ìgò jíìnì onígun mẹ́rin ló dára jù, torí pé ẹ̀gbẹ́ ẹ̀ tẹ́jú, àwọ̀ ewé sì ni. Èmi ni mo ń ṣà á kiri Ọ̀tà. Àwọn obìnrin àdúgbò á máa fi mí ṣe yẹ̀yẹ́: “Ọmọ Àlùfáà, ta ló mu èyí tán?” Màá ní ọkọ yín ni. Ìgò oògùn kan wà tó ń fún wa ní àwọ̀ aró. Ṣùgbọ́n pupa? Kò sí ìgò pupa láyé. Ẹ lọ wá a wò. Pupa tí a ní, ọ̀gá Bàbá ló fún un kó tó kú, odindi abala kan tó tú lára fèrèsé ilé ara ẹ̀ tó ti ń wó, tí Bàbá fi àpò wé títí dé Ọ̀tà. Pupa yẹn kì í ṣe pupa dénú. Funfun ni dígí ọ̀hún, ojú kan ṣoṣo ni pupa fi bò ó, fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́ bí awọ àlùbọ́sà, wọ́n ti jùmọ̀ sun ún pọ̀ nínú iná láti ìlú òyìnbó. Ojú funfun la ti ń gé e. Ọjọ́ tí mo gé e láti ojú pupa, ó há mọ́ mi lọ́wọ́, ó là síbi tí kò yẹ, Bàbá ò bá mi sọ̀rọ̀ títí ilẹ̀ fi ṣú.

Ọdún mẹ́wàá ló fi ń ṣọ́ pupa yẹn ná. Nígbà tí wọ́n wá tọrọ mi, tí wọ́n sì dá ọjọ́ yìgì sí ìgbà tí ààwẹ̀ bá ku díẹ̀, ó ní èmi fúnra mi ni màá ṣe àpótí tí màá gbé lọ sílé ọkọ. Ó kó pupa tó kù jáde. Ó fi díẹ̀ ṣe fìtílà kan fún títà, ó ní kí n kó gbogbo ìyókù sórí ìdérí àpótí mi. Odindi òjò ọdún yẹn ni mo fi ṣe é. Mi ò ní purọ́ fún yín, ó dára. Màámi tí kì í yin ẹnikẹ́ni gan-an wò ó, ó ní, “Hẹ̀n-ẹ́n, ó jọ ti ọmọ èèyàn.”

Ṣàngó la ti ń tajà nígbà yẹn. Ẹ má wo Ṣàngó òde òní, tí ọkọ̀ àti èèyàn ń wọ́ tìrítìrí láti Tóòlù Géètì títí dé Joju. Títì Abẹ́òkúta ni, pẹ̀lú igbó lápá ọ̀tún lápá òsì, àti ibì kan tí bọ̀lẹ̀kájà ti ń dúró kí èrò lè jẹun. A pàgọ́ síbẹ̀. Bàbá gbé fìtílà pupa náà kọ́ síwájú àgọ́, oòrùn ń gba inú ẹ̀ kọjá, ilẹ̀ ibẹ̀ sì ń pọ́n. Bó ṣe kọ́ ọ síbẹ̀ náà ló di wàhálà.

Ọkùnrin kan tó ní bọ̀lẹ̀kájà dúró lọ́sàn-án ọjọ́ kan. Wọ́n ti tú iná ẹ̀yìn ọkọ̀ rẹ̀ lọ ní Ṣàngó lọ́jọ́ mélòó kan sẹ́yìn, gbogbo ẹni tó rí ló sì ń bá jà lé e lórí. Ó kọjá níwájú àgọ́ wa, ó padà, ó tẹjú mọ́ fìtílà.

“Ta ló ni eléyìí?”

“Èmi ni, ọ̀gá,” ni Bàbá wí. Ó rò pé ó fẹ́ rà á. Ó ti ń nà án sí i.

“Níbo lo ti rí pupa?”

“Èkó ni. Ọ̀gá tó kọ́ mi níṣẹ́ ló fún mi.”

“Ọ̀gá ẹ dà?”

“Ó ti kú.”

Ọkùnrin náà bú sẹ́rìn-ín. Ó yíjú sí àwọn èrò, ó ní, “Ẹ gbọ́ ná! Òkú ló fún un!” Ó bá gbá bàbá mi lọ́rùn aṣọ mú. Ó ní inú iná ẹ̀yìn mọ́tò nìkan ni pupa máa ń wà, pé kò sí pupa mìíràn, pé gbogbo ayé ló mọ̀ bẹ́ẹ̀. Àwọn èèyàn ń mi orí! Àwọn tó ń jẹun dìde tàwo-tàwo. Ṣé ẹ rí i, òótọ́ ni pé àwọn ò rí dígí pupa níbòmíràn rí, àfi lẹ́yìn mọ́tò. Ohun tójú wọn ò rí, kò sí nìyẹn. Mo ní kí wọ́n wò ó, pé iná mọ́tò máa ń rí rọ̀bọ̀tọ̀, ó sì ní ìlà-ìlà lára, pé tiwa tẹ́jú. Ọkùnrin náà ní a yọ́ ọ ni, a sì tẹ́ ẹ, ṣebí a ní iná nílẹ̀. Iná wo? Irin tí kò lè yọ́ ju òjé! Háà, ara mi gbóná débi pé mo sọ ìkòkò omi mọ́ ọn lẹ́sẹ̀.

Wọ́n ránṣẹ́ pe akódà. Ó mú Bàbá, ó mú fìtílà, wọ́n kó àwọn méjèèjì lọ sí Ọ̀tà, a sì ń tẹ̀ lé wọn, èmi àti Màámi, bí ẹní sin òkú. Wọ́n ti Bàbá mọ́lé di ọjọ́ kóòtù. Ọjọ́ mẹ́rin gbáko. Ẹni tí kò mú abẹ́rẹ́ ẹnìkan rí.

Ilé wa kò gbádùn láàárín ọjọ́ mẹ́rin yẹn. Ẹni tó bá ń kọjá á dẹ ẹsẹ̀ rìn, á yọjú wo ìta wa. Ìyá ìyàwó kan tó ti ní ká bá òun ṣe àpótí wá láti Adó-Odò, ó ní òun ò ṣe mọ́, pé ọmọ òun ò lè gbé ẹrù olè wọlé ọkọ. Mo ní kó wo àpótí rẹ̀ dáadáa, àwọ̀ ewé ni, kò sí pupa kankan níbẹ̀.

“Ta ló mọ ibi tẹ́ ẹ ti rí ìyẹn náà?”

“Ìgò jíìnì ni, mà. Àbí mọ́tò ti ń mu jíìnì ni?”

Màámi gbá mi lẹ́nu. Obìnrin náà sì lọ, ó ń sọ̀rọ̀ lọ.

Mo máa ń gbé oúnjẹ lọ fún Bàbá láràárọ̀. Mo ní, “Bàbá, kí lẹ fẹ́ wí fún wọn?” Ó ní, “Màá ní mi ò jalè.” Mo ní ìyẹn ò tó. Ó ní Ọlọ́run tó rí òun, ó tó. Ó jẹun, ó fọwọ́, ó bi mí bóyá àbúrò mi ti lọ sí ilé-kéú, bíi pé ilé àna ló jókòó sí. Inú bí mi sí i. Mo rò ó lọ́jọ́ náà pé ẹ̀rù ló bà á.

Nígbà tí ọjọ́ kóòtù pé, àwọn àgbà mẹ́ta ló jókòó láti dájọ́, akọ̀wé wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wọn pẹ̀lú bíbélì àti kùránì tí wọ́n fi ń búra. Fìtílà wa wà lórí tábìlì. Ọkùnrin ọlọ́kọ̀ yẹn ti yá iná ẹ̀yìn ọkọ̀ ọ̀rẹ́ rẹ̀, ó gbé e ti fìtílà. Àgbà tó jókòó sáàárín gbé méjèèjì sókè sí oòrùn, ó wò, ó wò, ó ní, “Pupa kan náà ni.” Bàbá ní òun ò jalè. Wọ́n ní ta ni ẹlẹ́rìí rẹ̀. Ó ní Ọlọ́run ni. Wọ́n ní kó san iná náà padà, kí ọ̀rọ̀ tán níbẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀, oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n ní Abẹ́òkúta. Ó ní òun ò lè san ohun tí òun ò mú, pé ẹni tó bá san án ti jẹ́wọ́ nìyẹn. Akọ̀wé ti ń kọ ọ́ sílẹ̀.

Ni mo bá dìde. Mo ní, “Ẹ̀yin bàbá wa, ẹ jẹ́ kí n fi òkúta kékeré ha fìtílà yẹn. Pupa ara ẹ̀ máa ṣí kúrò. Ti mọ́tò ò lè ṣí.”

Akọ̀wé pariwo mọ́ mi pé ẹ̀rí kóòtù ni, ẹnikẹ́ni ò gbọdọ̀ fọwọ́ kàn án, pàápàá jù lọ ọmọ olè. Ọmọ olè! Ẹnu rẹ̀ ló ti jáde, ní kóòtù, kó tó kọ ìdájọ́ tán! Mo wo Bàbá. Ó ń mi orí sí mi pé kí n jókòó.

Mi ò jókòó. Mo sáré jáde, mo sáré délé, mo gbé àpótí mi, mo mú òòlù kékeré àti òkúta kan, mo sì tún sáré padà. Gèlè mi ti já bọ́ lọ́nà, mi ò dúró mú un. Nígbà tí Bàbá rí ohun tí mo gbé dání, ó dìde dúró. Akódà tì í jókòó.

Mo gbé àpótí sílẹ̀ níwájú wọn. Mo ní, “Abala kan ṣoṣo la ti gé ti fìtílà àti ti èyí. Èmi ni mo gé e.” Mo fi òkúta ha etí ìdérí rẹ̀ kan. Pupa ṣí, funfun yọ. Àwọn àgbà na ọrùn. Ṣé ẹ mọ ohun tí akọ̀wé sọ? Ó ní ọ̀dà ni mo kùn ún.

Ọ̀dà! Ojú mi ṣú. Mo gbé òòlù sókè. Bàbá mi, tí kò gbóhùn sókè láti ọjọ́ tí wọ́n ti mú un, ké tòò: “Má ṣe é! Ọmọ yìí, mo bẹ̀ ọ́, má ṣe é!” Mo gbá a. Ìdérí yẹn fọ́ yángá-yángá lójú gbogbo wọn. Mo ṣa ègé tó tóbi jù, mo gbé etí rẹ̀ sí ojú àgbà tó wà láàárín, ẹ̀jẹ̀ ti ń jáde lọ́wọ́ mi. Mo ní, “Ẹ wo inú rẹ̀, sà. Funfun ni. Pupa nìyẹn lórí, ẹ wò ó bó ṣe tín-ín-rín tó. Wọ́n ti wọnú ara wọn. Ta ló lè kùn ún báyìí?”

Ó wò ó pẹ́. Ó fún èkejì, ìyẹn fún ìkẹta. Lẹ́yìn náà ló ní kí ọlọ́kọ̀ gbé iná mọ́tò wá, kí àwọn fọ́ etí rẹ̀ kan wò. Ẹ gbà mí, ọkùnrin yẹn gbá iná náà mọ́ àyà! Ó ní iná ọ̀rẹ́ òun ni, pé ta ló máa san án. Tèmi ńkọ́? Ṣé orí igi ni mo ti já tèmi ni? Akódà ló gbà á lọ́wọ́ rẹ̀, wọ́n fọ́ ọ, pupa ni dénú, pupa fòò. Ìgbà yẹn ni àgbà náà wá fi ọwọ́ ara rẹ̀ mú òkúta, tó ha fìtílà tó jẹ́ ẹ̀rí. Funfun yọ. Nǹkan tí mo bẹ̀ wọ́n kí wọ́n ṣe látàárọ̀ nìyẹn o! Kí wọ́n tó lè ha tiwọn, àfi ìgbà tí mo fọ́ tèmi.

Wọ́n ní ẹjọ́ ti tán, kí Bàbá máa lọ. Kò sí ẹni tó ní “pẹ̀lẹ́.” Akọ̀wé fa igi gọọrọ sórí ohun tó ti kọ, ó ṣí ìwé rẹ̀ sí ojú mìíràn, ó pe ẹjọ́ tó kàn. Ọlọ́kọ̀ ń bi akódà pé ta ló máa san iná kejì. Àgbà tó dá ẹjọ́ wá fi ọwọ́ pè mí sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan, ó rẹ́rìn-ín, ó ní ṣé a lè bá òun ṣe irú fìtílà yẹn fún ìyàwó òun kékeré. Ẹ ò rí àwọn èèyàn yìí bí! Mo ní kò sí pupa mọ́, sà, ẹ ti jẹ́ ká fọ́ ọ tán. Mi ò mọ̀ bóyá ó gbọ́.

Bàbá ti kúnlẹ̀, ó ń ṣa ègé àpótí mi sínú fìlà rẹ̀, títí kan èyí tí kò ju ìyẹ̀fun lọ. Ó ku igi ìsàlẹ̀ àti òjé tó ti tẹ̀ wọ́gọwọ̀gọ. Ẹnìkan ṣáà ń lé wa pé a dí ọ̀nà. A jáde, Màámi ti gbé fìtílà ṣíwájú lọ dáná, èmi àti Bàbá ń rìn bọ̀ lẹ́yìn. Ó gbé fìlà yẹn dání pẹ̀lú ọwọ́ méjèèjì, oòrùn ń pa orí rẹ̀.

Nígbà tó yá, mo ní, “Bàbá, ẹ̀yin lẹ kọ́ mi pé pupa yẹn ní awọ. Ẹ mọ̀ ọ́n. Ọjọ́ mẹ́rin lẹ fi jókòó síbẹ̀, ẹ ò sọ ọ́ fún ẹnikẹ́ni. Kí ló dé?”

Ó ní, “Tí mo bá sọ ọ́, wọ́n á ní kí n fi hàn. Wọn ò ní jẹ́ kí n fọwọ́ kan fìtílà. Pupa wo ló tún kù, tí kì í ṣe tìẹ?”

“Oṣù mẹ́ta lẹ́wọ̀n, Bàbá!”

“Oṣù mẹ́ta á parí.”

“Wọ́n á ti so yìgì mi tán! Ta ni ì bá dúró fún mi?”

“Ẹ̀gbọ́n mi ni. Mo ti ránṣẹ́ sí i láti àtìmọ́lé, ó sì ti gbà. Wàá ti gbé àpótí ẹ lọ kí n tó jáde.”

Mo bínú sí i ju bí mo ṣe bínú sí ọlọ́kọ̀ lọ, ju akọ̀wé lọ, ju gbogbo Ọ̀tà lọ. Mo jókòó sí ẹ̀gbẹ́ títì, mo fi orí lé orúnkún. Ó gbé fìlà sílẹ̀. Ó dúró tì mí, ó na apá rẹ̀ kí oòrùn má baà pa mí, ó sì wà bẹ́ẹ̀ títí mo fi sunkún tán.